Iyanrìn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàrígà

Lazarus ọmọ mi,

Báwo ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, báwo ni ìyàwó rẹ, báwo ni ariwo Bàrígà tí ẹ ń gbé inú rẹ̀? Mo gbà gbọ́ pé kò sí aláìsàn nínú yín, torí mò ń dárúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà àárọ̀, Ọlọ́run kò sì ní sọ pé òun ò gbọ́. Àwa náà wà láàyè. Àyìnkẹ́ àbúrò rẹ ti padà sídìí ẹja yíyan, èéfín rẹ̀ ló sì ń ta mí lójú bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, tí o bá rí ibi tí kò hàn gaara, òun ni kí o bá wí.

Mo ka ibi tí o ti sọ pé ìgò gé Wonder lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù létí ọ̀sà, lórí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, tí wọ́n sì rán ojú egbò náà. Ó dùn mí wọra. Mo kọ́kọ́ bínú sí ọ pé kí ló gbé ọmọ rẹ obìnrin dé ìdí bọ́ọ̀lù, ìgbà tí mo wá kà á síwájú pé òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú gbogbo wọn, mo tún ìwé náà kà sókè fún àwọn aládùúgbò.

O ní ìjọba alágbádá yìí gbé owó kalẹ̀ kí wọ́n ṣe pápá ìṣeré fún àwọn àdúgbò, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń pín in ní kò sí ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín, pé ẹrọ̀fọ̀ ni gbogbo ẹ̀yìn Bàrígà, wọ́n wá fẹ́ kó tiyín mọ́ ti Palmgrove tó ti ní pápá tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi ṣe òrùlé sórí àga àwọn òǹwòran. Ó yà mí lẹ́nu. Níbí, bí ọkọ̀ bá ti òkun dé, ìpín ẹni tí àìsàn dá dúró sílé là ń kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí kò sí níbẹ̀ láti na ọwọ́. Bóyá àwọn tó ń pín owó yìí kì í ṣe ará etí omi, tí kò sì sẹ́ni tó fi hàn wọ́n rí.

Ti ọkùnrin tí wọ́n rán wá wo ilẹ̀, tó gbé dígí lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó di ojú kan, tó fi ojú kan wo ẹrọ̀fọ̀ náà tó sì bá tirẹ̀ lọ, mi ò dá a lẹ́bi. Bí èmi náà bá di ojú kan, mi ò lè rí Bàrígà tán. Ẹ rọra bẹ̀ ẹ́ kó padà wá fi ojú méjèèjì wò ó, kí ẹ sì fún un lómi tútù mu, ó lè jẹ́ oòrùn ló mú un kánjú.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Mo mú ìwé rẹ lọ bá Ezekiel tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí Èkó, òun náà kà á, ó sì rí ohun tí mo rí. Wọn ò ní àwọn ò fẹ́ ṣe é, wọn ò sì ní kò tọ́ sí yín. Ilẹ̀ ni wọ́n ní kò sí. Kí ló sì ń jẹ́ ilẹ̀ bí kò ṣe iyanrìn? Ni àwa obìnrin ìjọ bá gbé ṣọ́bìrì, a ń di iyanrìn sínú àpò ìrẹsì títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo etí ọkọ̀, tí Ezekiel pariwo pé ó tó. Mo mọ̀ pé kò lè kún pápá. Ẹ ṣáà da ti àkọ́kọ́ yìí sórí ẹrọ̀fọ̀ náà, kí wọ́n rí i pé ilẹ̀ ti ń dé, wọ́n á tú owó náà sílẹ̀ láìsí wàhálà. Gbé àpò kan lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Má bá wọn jà o.

Àyìnkẹ́ hun àwọ̀n kan, ó fi í sínú ẹrù náà, torí o ní ẹnu góòlù ń fẹ́ àwọ̀n. Kò mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe tóbi tó, ó wá fi ojú àwọ̀n edé hun ún kó má baà yọ́ jáde.

Ezekiel kò gbowó ọkọ̀, epo ẹ́ńjìnnì nìkan ni kí o bá a rà. Kí o fi róòbù ránṣẹ́ sí mi, nítorí ẹ̀yìn ń ro gbogbo àwa tó bẹ̀rẹ̀ bu iyanrìn, kí o sì fi owó díẹ̀ tì í kí n lè se ẹ̀wà fún àwọn obìnrin náà.

O lè máa rò ó pé ibo la ti bu ú. Iwájú ilé wa ni, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí bàbá rẹ ti máa ń tún àwọ̀n ṣe nígbà ayé rẹ̀. Má bínú. Òkun ti gbé ilé àwọn Adébọ̀dé tó wà níwájú tiwa lọ, tiwa ló kàn, a sì ti kọ̀wé sí ìjọba, wọn ò tíì dá wa lóhùn. Ohun tí òkun máa kó lọ lásán, mo ní kí Wonder kúkú máa sáré lórí rẹ̀.

Olúwa yóò fún yín níbi tí ẹ máa tẹsẹ̀ lé, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé kò sí. Ayọ̀ ni ẹ ó máa fi gbọ́ ohùn wa. Bí pápá náà bá ti délẹ̀, kọ̀wé sí mi, kí n lè mọ ibi tí iwájú ilé wa wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Leah