Bàbá Olùkọ́ Tó Fi Ojú Sánmà Ṣọ́ Oko: Olóògbé Hezekiah Ọlọ́runlékè Bámgbóṣé (1956–2025)

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà, ọdún 1956, ni a bí Bàbá wa sí ìdílé Bámgbóṣé, àgbẹ̀ oníṣu ní Iyah-Gbede, nílẹ̀ Okun, níbi tí a ti ń fi “Okun o” kí ara wa. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá wọn máa ń sọ pé omi tó ń ṣàn kọjá lójúde pọ́n bí epo, bóyá ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Bàbá pẹ̀lú ọ̀gbàrá ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kàwé nílé àti ní Kabba, wọ́n sì fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní jọ́gíráfì. Ní ọdún 1984, wọ́n fẹ́ Ìyá wa, Martha, tó tètè mọ̀ pé bí ọkọ òun bá ti gbójú sókè sánmà, oúnjẹ á tutù. Díákónì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú fèrèsé ni wọ́n sì máa ń jókòó sí.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè ṣírò iye erùpẹ̀ tí òjò ń wọ́ lọ lóko. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bàbá wa fi ojú sánmà ṣọ́ oko. Wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ẹni ń lálàá, wọ́n á máa wo oko baba wọn lẹ́sẹ̀ òkè, bó ṣe ń pàwọ̀ dà lọ́dọọdún.

Ní 2018, wọ́n rí ojú funfun kan níbẹ̀. Wọ́n kéde fún ìdílé tẹkúntẹkún pé erùpẹ̀ ti tán, àpáta ti yọ. Ẹ̀gbọ́n wọn, Ìyá Agatha, tó ń dá oko náà, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó: ó ní ẹ̀gẹ́ ni òun sá sórí àpáta tí àwọn obìnrin ilé ti ń sá ẹ̀gẹ́ sí kí a tó bí Bàbá.

Láti ìgbà náà, Bàbá kò gba àwòrán nìkan gbọ́ mọ́. Wọ́n ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ káàkiri oko. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì, ilẹ̀ ti fi ìka méjì lọ sílẹ̀ lára ọ̀pá. Wọ́n bẹ Ìyá Agatha pé kí ó má kọ ebè láti òkè wá sísàlẹ̀ mọ́, kí ó kọ ọ́ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, kí ilẹ̀ lè kù fún àwọn ọmọ. Ìyá Agatha ní bí baba àwọn ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

Bàbá sùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá, 2025. Ìyá Martha, Ìyá Agatha, àwọn ọmọ, Adétáyọ̀, Miriam àti Olúwanífẹ́mi, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, ni wọ́n gbẹ̀yìn wọn. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sùn ni àwòrán tuntun dé: oko náà tutù yọ̀yọ̀ látòkè délẹ̀. Ó dùn wá pé wọn kò rí i. Ìyá Agatha lọ wo ọ̀pá fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì yẹ̀ lára àwọn ọ̀pá náà láti òjò èṣí.

Oko náà ni wọ́n ní kí a sin àwọn sí. Erùpẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó lọ ni yóò bò wọ́n lónìí.

Okun o, Bàbá. Ilẹ̀ yín dúró. Ẹ sùn re.