Kílọ́ọ̀ṣì tó Ń Yọ̀ àti Iléyá tí N Ò Wálé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi Sàráfátù, ẹ̀gbọ́n tó di ìyá fún mi lọ́jọ́ tí ìyá wa lọ. Ọmọ tí ẹ pọ̀n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Ojowo níbí. Ẹ̀yìn ò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ délẹ̀ mọ́, ẹ bá mi fojú inú parí rẹ̀. Mo kí bàbá, ọkọ yín. Ẹ bá mi bi wọ́n pé àwọ̀n ìpẹja mi ń kọ́? Mo kí Rábì ọmọ yín, tó ń ka lẹ́tà mi fún yín, tó sì máa ń fo ibi tí mo bá ti bú u. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ èyí sínú ìwé ìròyìn. Rábì, fò ó wàyí ká rí i. Gbogbo Wọ́tàsáìdì lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ló ń kà á.

Ẹ ránṣẹ́ pé ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Iléyá títí ilẹ̀ fi ṣú, pé ẹran mi gbẹ sórí ààrò, pé ṣé mo ti kọ ilé ni. Mo fèsì pé kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù mi ló ń yọ̀. Ẹ ní kí n ṣàlàyé. Ó dáa.

Ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Àgọ́-Ìwòyè, kò sí ẹni tó mọ kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù àtijọ́ tún ṣe tó ọmọ yín. Èmi ni mo tú u, èmi ni mo rí àrùn rẹ̀, èmi ni mo wò ó sàn. Hẹn-ẹn, mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Múfú mẹkáníìkì ló tú u. Èmi di tọ́ọ̀ṣì mú. Nígbà tó yá, Múfú gba tọ́ọ̀ṣì náà, ó ní ojú òun ni mò ń tàn án sí.

Ẹ rántí alùpùpù náà, èyí tí mo rà nígbà tí iṣẹ́ sọ́míìlì ṣì ń lọ geere. (Sọ́míìlì ọ̀hún ti dákẹ́ báyìí. Ẹyẹ ló ń gbébẹ̀.) Bílíkísù ìyàwó mi, kí Ọlọ́run forí jìn ín, orogún òun ló ń pè é. Ó ní mo ń nu orogún òun ju bí mo ṣe ń bọ́jú ara mi lọ. Ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ku díẹ̀, tó bá ti ra aṣọ tiwa, á ra nǹkan tuntun fún orogún náà: ìbòrí ìjókòó, tàbí rọ́bà ọwọ́ rẹ̀. Ó ní wọn kì í ṣọdún kí wọ́n yọ ará ilé kan sílẹ̀. A ó wá jọ gùn ún wálé wá bá yín, ọwọ́ rẹ̀ á dì mí níbàdí. Bí mo bá sáré jù, á gbá mi lẹ́yìn.

Iléyá tó kọjá yìí ni àkọ́kọ́ tí kò sí níbẹ̀. Mo ní orogún rẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣọdún lófìfo. Mo ra ọ́ìlì fún un, ojúlówó, èyí tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àwọn olówó. Mo da ti tẹ́lẹ̀ nù, mo rọ tuntun sí i, mo ní kó máa jayé.

Lọ́jọ́ kejì, níbi òkè kan tí mo ti ń ti Orù bọ̀, mo fún un níná. Ẹ́ńjìnnì ké bí ẹni tí olè jí ewúrẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n alùpùpù ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Òjò dé. Àwọn ọmọ yunifásítì kan gun ọ̀kadà kọjá, wọ́n ní Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ pọ̀n ọ́n. Mo ní àwọn ni kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lọ kàwé. Inú mi dùn díẹ̀. Láti àárọ̀, àwọn lẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀.

Múfú kọ́kọ́ ní wáyà kílọ́ọ̀ṣì ló le jù. Ó dẹ̀ ẹ́, kò yí padà. Ó ní á jẹ́ pé àwọn pléètì inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ó tú u: wọ́n ṣì nípọn. Ó tẹ àwọn sípírìngì wò, wọ́n le koko. Ó wá fi ìka nu pléètì kan, ó fi àtàńpàkò ra á, ó bi mí pé ọ́ìlì wo ni mo dà sí i. Mo fi ìgbéraga sọ fún un. Ó lọgun pé Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́! Ó ní inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù yìí ń gbé, àwọn pléètì sì gbọ́dọ̀ di ara wọn mú ṣinṣin. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti mú kí wọ́n máa yọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó ní ta ló ń ra ohun ọdún fún alùpùpù? Mo ní ẹni tí kò rí ẹlòmíì rà á fún. Àwàdà ni mo pè é kó tó jáde lẹ́nu mi.

Múfú fi bẹntiróòlù fọ àwọn pléètì náà, ó rọ ọ́ìlì alùpùpù sí i. Mo gbé e lọ sí òkè ọjọ́sí. Ó gùn ún bí ewúrẹ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn apẹja etí ọ̀sà, kí omi má gbé wọn. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ ò ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà dúró de ẹni tí kò ní í dé.

Àdúrà yìí ni kò jẹ́ kí n lè pa ìwé dé. Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ Árafà ni Múfú tún un ṣe tán. Láàárọ̀ Iléyá, nígbà tí a kírun tán ní Yídì, mo di ẹrù, mo gbéra láti wá bá yín. Mo kọjá Orù, mo dé Awa. Ọ̀nà dá, mo ń sáré. Mo tún sáré sí i. Mò ń retí kí Bílíkísù gbá mi lẹ́yìn.

Kò sí ẹni tó gbá mi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ìgbà díẹ̀, mo sì yí padà sí Ojowo. Kílọ́ọ̀ṣì ò yọ̀ rárá lọ́jọ́ náà.

Èmi ni, ọmọ yín,
Làmídì