Ìwé Ẹ̀rọ Kejì Tí Mo Kọ̀ Láti Tún Ṣe

Yàrá Kejì,
Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà,
Òpópónà Ilé-Ìwòsàn.

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìbáwí,
Ilé-iṣẹ́ Ẹsẹ̀ Àtọwọ́dá.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌPÍN ÌṢÍSẸ̀ MỌ́TÒ Ẹ̀RỌ KEJÌ: ÈMI NI MO ṢẸ̀, KÌ Í ṢE OBÌNRIN TÍ Ẹ FẸ́ LÉ

1. Lẹ́tà mi kẹta nìyí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìkíni fún iṣẹ́ takuntakun lẹ fi dáhùn àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ ara mi mú ìkejì wá, akọ̀wé yín ní kí Bàbá lọ sinmi. N kò lè sinmi. Ní Ọjọ́bọ yìí lẹ fẹ́ jókòó láti lé obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́dọ̀ yín, ẹni tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Àǹtí Rúlà nítorí pé rúlà kì í wọ́n lápò rẹ̀. Àìbìkítà sì ni ẹ̀sùn tí ẹ fi kàn án!

2. Ẹ̀rọ Kejì ló ń gbẹ́ ẹsẹ̀ onígi. Mọ́tò kékeré tó ń ti ọ̀bẹ rẹ̀ kì í kàn yí lọ bẹ́ẹ̀. Ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀ ló ń yí. Àwọn súìṣì kéékèèké ara àpótí ìdarí ló ń pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Iye tí súìṣì pín in sí àti iye tí kọ̀ǹpútà mọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

3. Nígbà tí èmi ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, ọ̀nà mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Mo sọ ọ́ di mẹ́rìndínlógún, mo tún iye inú kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ̀rọ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. N kò tún iye inú ìwé ṣe. Ọ̀gá ìgbà náà ní mo gbọ́dọ̀ gba ìbuwọ́lù òun kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, inú sì bí mi, mo fi ìwé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ni, n kò ní pè é lórúkọ mìíràn.

4. Ní oṣù tó kọjá, àpótí ìdarí jóná. Àǹtí Rúlà fi tuntun sí i, ó ṣí ìwé, ó bá mẹ́jọ níbẹ̀, ó sì ṣètò súìṣì sí mẹ́jọ. Kọ̀ǹpútà ṣì ń ka mẹ́rìndínlógún, ni ọ̀bẹ bá ń rin ìlọ́po méjì. Ó fẹ́ fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò. Alábòójútó yín ló ní kò sáyè, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún ọmọbìnrin ọdún méje wá gùn ju ti bàbá rẹ̀ lọ.

5. Láti ìgbà náà, ẹ ti pààrọ̀ mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ni mọ́tò ṣe yín? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa iná, ẹ gbé súìṣì sí mẹ́rìndínlógún bí àtẹ ara àpótí ṣe fi hàn, ẹ tan án, ẹ ní kí ọ̀bẹ rin ọgọ́rùn-ún mìlímítà, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìpàdé mẹ́rin lẹ ti ṣe lórí rẹ̀.

6. Mo fi ìwé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì mi sínú lẹ́tà yìí. Ara ògiri ni mo gbé e kọ́ títí di òwúrọ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò ṣe àṣìṣe kankan fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo bẹ̀ yín, ẹ fa igi lé gbólóhùn náà, kí ẹ sì fi obìnrin yìí sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá jókòó ní Ọjọ́bọ.

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín, ẹni tó jẹ̀bi,

(Ìbuwọ́lù)
Àgbà Atún-ẹ̀rọ-ṣe tẹ́lẹ̀, Ẹ̀rọ Kejì.