Ojú Tí O Fi Wò Wá Lánàá

Abúlé Àrówólò, lẹ́bàá Ìnísà
Ọjọ́ Ajé

Hàdízà ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Kotobábì, ní Àkrà níbẹ̀, ìwọ àti àbúrò mi Sàláù tó gbà ọ́ sílé. Ara àwa náà le, ìyá rẹ ń jẹun dáadáa, ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ìyá wọn sì ti jẹ ìwé tí wọ́n fi pè mí sí ìpàdé ní ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà n kò lọ.

A gbọ́ pé ìwọ lo gba ipò kìíní nínú ìdánwò, a sì dúpẹ́. Ohun tí kò yé mi ni pé yunifásítì tún ní kí ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí o kò tíì hu eyín tán. O ní wọ́n tún ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán. Bí àyè bá ṣì wà, bá mi fi orúkọ ìyá rẹ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o ròyìn ilé-iṣẹ́ tí o ti wá iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà n kò lè jẹun mọ́. O ní o kúnlẹ̀ kí àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì títí o fi dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn, débi pé ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Abena ọ̀rẹ́ rẹ, tí máàkì rẹ̀ kò tó tìrẹ, wo ojú wọn, wọ́n sì gbà á. Hàdízà, èmi ni mo fà á. Èmi ni mo máa ń sọ fún ọ pé ọmọ tó bá ń wo àgbàlagbà lójú, ojú rẹ̀ á fọ́. N kò mọ̀ pé àwọn àgbà kan wà tó ń fẹ́ kí ọmọ wo àwọn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà nígbà tí o ní kí a jókòó bí ọ̀gá nínú fóònù, kí o fi wá dánra wò kí o tó lọ sí ilé-iṣẹ́ kejì tó pè ọ́ fún Ọjọ́bọ̀. Lánàá, mo wọ agbádá, ìyá rẹ lé tìróò, mo sì pe Àáfà Sàbíù mọ́ wa, nítorí kò sí ẹni tó lè wò ó lójú ní abúlé yìí. Dàda télọ̀ gbé fóònù rẹ̀ ti agolo mílíìkì. O yọjú, o kí wa, Àáfà sì bi ọ́ pé kí ló dé tí wọn yóò fi mú ọ, tí wọn yóò fi àwọn tó kù sílẹ̀. O gbójú sókè, o lanu, o ń wò wá. O kò sọ̀rọ̀, o kò ṣẹ́jú. Ohun róbótó kan sì ń yí bírí níwájú orí rẹ, Àáfà ní ó jọ tẹ̀sùbáà, pé bóyá òun ni yunifásítì fi ń kọ́ yín ní sùúrù. Dàda ń sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ ń dánra wò. Nígbà tó ṣe, Àáfà ló kọ́kọ́ gbé ojú sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú, òun kò rí irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi kò gbé ojú tèmi kúrò. Láti ìgbà tí o ti ń rìn ni o ti ń kúnlẹ̀ kí mi, àtàrí rẹ ni mo mọ̀ jù. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ojú ìyá mi lo gbé wá sáyé, tòun ti èyí tó kéré díẹ̀ lápá òsì. Ọdún mọ́kànlélógún, Hàdízà, n kò mọ̀. Ó dùn mí.

Nítorí náà mo gbà ọ́ láyè, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́: wo ojú wọn. Bí o ṣe wò wá náà ni kí o ṣe wò wọ́n, kìkì pé kí ìdáhùn rẹ yá díẹ̀ ju tàná lọ.

Fatawu tó ń bọ̀ wá kó ọjà ní ọjà Òkaíṣì ní Àkrà níbẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán an padà, Dàda ní dátà òun tán síbi tí o ti ń wò wá. Mo ní láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, n kò gbọ́ pé wọ́n ń sanwó kí ọmọ tó wo bàbá rẹ̀, ó ní ti fóònù yàtọ̀.

Kí Ọlọ́run fún ọ lóhùn ní Ọjọ́bọ̀, kí àwọn ọ̀gá náà sì rí ohun tí mo rí lánàá. Bí o bá wálé fún Iléyá, kúnlẹ̀ kí mi bí o ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n gbé ojú sókè, kí n rí ìyá mi.

Bàbá rẹ,
Ádámù Àrówólò