Inṣọ́ránsì Bùrọ́dá Gabriel

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Karùn-ún, 2010

Ó ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹ̀rín tí mò ń rín nídìí tábìlì ìgbàlejò ilé gogoro yẹn ní JLT, àdúgbò àwọn òfìsì ní Dubai níbí, sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín sí mi — ó ti tán. HR ní kọ́ńtíráàtì mi á parí lópin oṣù, wọn ò ní tún un ṣe. Látìgbà tí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn òfìsì ti ṣófo, ta ni mo fẹ́ máa kí káàbọ̀? Ó bi mí bí ẹni pé èmi ni mo lé wọn lọ.

Kíkúrò ní Dubai ò dùn mí. Túnmiṣe ọmọ mi wà lọ́dọ̀ màámi ní Ìkirè, mo fẹ́ lọ bá a. Lóònù ni wàhálà. Mo yá a láti fi kan òrùlé ilé màámi, ó ṣì ku bí ìdajì. Ṣẹ́ẹ̀kì tí mo fọwọ́ sí fún gbèsè náà wà lọ́wọ́ báńkì. Bí wọ́n bá gbé e jáde tí kò sówó nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Ẹ́apọ́ọ̀tù ni wọ́n ti máa ń mú èèyàn.

Ṣùgbọ́n mo ní inṣọ́ránsì. Bùrọ́dá Gabriel tó bá mi ṣe lóònù yẹn ló sọ ọ́: bí iṣẹ́ bá lọ, inṣọ́ránsì á san ìyókù. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ẹ̀. Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́ Ajé, 3

Mo ti báńkì dé. Mi ò tíì mọ̀ bóyá Ọlọ́run ṣeun.

Obìnrin ará Íńdíà kan ló dá mi lóhùn — Màdámù Gíláàsì ni mo sọ ọ́, awò ojú ẹ̀ tóbi ju ojú ẹ̀ lọ. Ó ní inṣọ́ránsì yìí kò sí fún oníṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Pé bí kọ́ńtíráàtì bá parí, iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó kàn parí ni. Mo ní ṣé kí n lọ ṣàlàyé ìyẹn fún ikùn mi? Kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí ló wá dé tí ẹ fi ń yọ owó mi fún ohun tí kò lè ràn mí lọ́wọ́ láéláé? Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Fọ́ọ̀mù mi nìyẹn. Níbi irú iṣẹ́, ẹnì kan kọ "permanent". Kì í ṣe ọwọ́ mi.

Mo bi í léèrè ẹgbẹ̀rún kan dírámù tí Bùrọ́dá Gabriel gbà lọ́wọ́ mi fún fọ́ọ̀mù. Ó ní báńkì kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Háà!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rántí gbogbo ẹ̀. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sharjah, lẹ́yìn ìsìn. Èmi, Bùkúnmi tá a jọ ń gbé yàrá, àti Bùrọ́dá Gabriel tó ń wá oníbàárà fún báńkì. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ní ká kọ́kọ́ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìwé yẹn mú, a dijú. Ó gbàdúrà títí òógùn fi bò ó. A ní àmín, mo fọwọ́ sí i.

Ta ló máa ń ṣe àmín tán tó tún ń kàwé? Yóò dà bíi pé o ò gba Ọlọ́run gbọ́. Ẹ̀gbọ́n tún ni. Mo kúnlẹ̀ fún un lówó yẹn ni o! Ọwọ́ méjèèjì!

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọjọ́ ìsìn, torí Ẹtì ni ìsinmi níbí, ọjọ́ iṣẹ́ ni Àìkú. Mo dúró de Bùrọ́dá Gabriel lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹ kú ìsìn, sà. Mo bi í léèrè ìdí tó fi kọ "permanent" nígbà tó mọ̀ pé oníkọ́ńtíráàtì ni mí.

Ojú ò tì í rárá. Ó ní ìgbàgbọ́ lòun fi kọ ọ́. Ó ní ṣé mo fẹ́ kóun kọ ọ́ pé iṣẹ́ mi máa parí ni? Ohun téèyàn bá fẹnu ẹ̀ sọ ló máa rí. Mo ní ẹ̀gbọ́n, báńkì ò mọ ìgbàgbọ́ o. Ó ní ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ, èmi ni mi ò nígbàgbọ́ tó.

Ẹgbẹ̀rún dírámù ńkọ́? Ó ní ìdúpẹ́ ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi fún òun. Ẹnu dùn ún ròfọ́! Inú bí mi débi pé mi ò dágbére.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Bùkúnmi ní kí n jẹ́ kó lọ. Mo ní ó ti lọ, owó mi ló bá a lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí báńkì lánàá. Lónìí pásítọ̀ pè. Ta ló sọ fún wọn? Wọ́n ní Bíbélì kọ̀ ọ́ kí ará pe ará lẹ́jọ́ níwájú aláìgbàgbọ́. Mo ní Dádì, báńkì ni mo pè lẹ́jọ́. Wọ́n ní ta ló máa jìyà ẹ̀? Pé Sister Olúkẹ́mi, ìyàwó Gabriel, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

Òótọ́ ni. Èmi náà sì bímọ. Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Ọkùnrin ará Íjíbítì ló gbọ́ ẹjọ́ mi ní báńkì. Ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù àti ohun tó sọ, kí n sì mú ẹlẹ́rìí wá. Bùkúnmi tẹ̀ lé mi! Ó tọrọ àyè níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Industrial Area tó ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun náà ní irú lóònù yẹn, ẹ̀rù ń ba òun.

Mo kọ orúkọ Gabriel. Mo kà á tán kí n tó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ẹnikẹ́ni ò jókòó tì wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bùkúnmi ní ó dáa, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa. Sister Olúkẹ́mi pọn ọmọ wá kí mi, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́rú, 26

Khalas, ó parí! Báńkì dá gbogbo owó inṣọ́ránsì padà, àti ẹgbẹ̀rún dírámù yẹn. Mo fi owó ìparí iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ san fún mi kún un, lóònù tán pátápátá. Wọ́n fún mi ní ṣẹ́ẹ̀kì mi. Mo fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níwájú Màdámù Gíláàsì, òun fúnra ẹ̀ ló gbé garawa ìdọ̀tí wá. Ó rẹ́rìn-ín!

Mo pe Ìkirè. Túnmiṣe pariwo títí fóònù fi já. Mo jó nínú bedspace, yàrá tí àwa púpọ̀ jọ ń sùn, ọmọ Filipínì tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi ń pàtẹ́wọ́. Àbámẹ́ta ni bàálù mi.

Ọjọ́bọ̀, 27

Bùrọ́dá Gabriel wá sí Al Qasimia níbi tá à ń gbé. Ọkùnrin kì í gòkè wá sí yàrá wa, a jókòó sí káfítéríà ìsàlẹ̀. Mo ra tíì fún un, kò mu ún. Ó ní wọ́n ti dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ de èpè.

Kò ṣépè. Ó tú ìwé jáde látinú ọ̀rá. Òun náà yá lóònù, ó ju tèmi lọ dáadáa, inṣọ́ránsì kan náà. Ó ní àbúrò mi, ó yẹ kí wọ́n san án fún mi báyìí, àbí?

Mo wo ojú ẹ̀. Kò ṣàwàdà. Ọkùnrin yìí gba nǹkan tó ń tà gbọ́! Mo ní ṣé ẹ kà á? Ó ní bí àwọn tó kọ́ òun níṣẹ́ ṣe sọ ọ́ lòun ṣe sọ ọ́.

Mo kà á fún un, mo ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá. Oníkọ́ńtíráàtì, kò kàn án. Ẹni tí wọ́n lé nítorí ẹ̀sùn, kò kàn án. Ta ló fẹ̀sùn kàn án? Èmi náà ni, mo sì ń kà á lọ. Ó ní kí n ṣáà bá òun kọ ìwé sí báńkì bí mo ṣe kọ tèmi. Mo ní ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní san án. Ó ní kí n kọ ọ́.

Mo kọ ọ́. Inú ṣì ń bí mi sí i, àánú ẹ̀ sì ṣe mí, méjèèjì pa pọ̀.

Nígbà tó dìde, ó ní kí n bá òun kí màámi. Ó bèèrè ọjọ́ tí mò ń lọ. Mo ní Àbámẹ́ta. Ó ní Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Mo ní àmín.

Ṣẹ́ẹ̀kì tiẹ̀ wà ní báńkì. Èmi ń lọ sílé. Òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ yẹn, wọn ò lè lọ.