Inú Kòtò Lábẹ́ Ọkọ̀ Pupa

Ilé àwọn Boyle,
Lẹ́bàá Ardara,
Donegal.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2019.

Bríd, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Glasgow? Orúnkún màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé wọn rìn? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Má rò pé ẹnu lásán ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, torí lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ pé ẹlòmíì ni yóò máa kọ lẹ́tà yìí sí ọ.

O mọ ọkọ̀ pupa mi tí mo fẹ́ fi sáré gun òkè lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mo yọ sípíríìngì rẹ̀, mo fi kúkúrú rọ́pò, kó lè wálẹ̀, kó má máa fì ní kọ́nà. Ó wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wá dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ: táyà kan kọjú sí òkè, èkejì kọjú sí òkun. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ṣe ló ń fà mí sọ́wọ́ òsì. Manus, bàbá ọkọ mi, kò yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Sorcha, nǹkan tí ikùn ẹ̀ ń gbálẹ̀ yìí, ṣé ọkọ̀ ni àbí ìgbálẹ̀?"

Fergal ọkọ mi wà lójú òkun pẹ̀lú àwọn apẹja, èmi àti Manus nìkan la wà nílé. Mo fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ náà sókè lórí kòtò tí a máa ń wọ̀ láti tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe nínú gáréèjì, mo fi pákó há táyà ẹ̀yìn. Mo to irin pẹlẹbẹ sábẹ́ táyà iwájú, mo fi gírísì sáàárín wọn kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wọ kòtò. A kì í tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó bá ṣì wà lókè, àfi kó fi ẹsẹ̀ náà gbé ara rẹ̀. Ni Manus bá rọra fi jáàkì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, èmi wà lábẹ́. Mo ti tú nọ́ọ̀tì, mo ń yí irin tó so táyà mọ́ sítíárìn lọ́wọ́, ni irin tó ní gírísì bá yọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Táyà òsì já sínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ikùn ọkọ̀ balẹ̀ gbàà! Ibẹ̀ ṣú biribiri.

Ọ́ìlì ń kán sí mi léjìká. Kò síbi tí mo lè gbà jáde, àfi àlàfo kan níwájú tí apá lè gbà, ṣùgbọ́n tí orí kò lè gbà.

"Sorcha! Ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà, Bàbá. Mi ò lè jáde."

Fóònù kì í mú ní àfonífojì wa, o mọ̀. Manus ní òun fẹ́ lọ pe Conal, aládùúgbò wa lẹ́yìn òkè, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún Manus fúnra rẹ̀ ni, ọ̀pá ló fi ń rìn. Bríd, mo pariwo bí ọmọdé: "Ẹ má lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀!" Mo ń fi ọwọ́ ti irin sókè títí èékánná mi fi ya. Èémí mi kò délẹ̀ mọ́. Bíríkì etí kòtò sì ń rún lábẹ́ ọkọ̀, ó ń já lu ẹsẹ̀ mi.

Mo gbọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ ṣubú. Ó ti dojú bolẹ̀ lórí simẹ́ǹtì tútù, ó ti ọwọ́ bọ inú àlàfo náà. Mo dì í mú. Ó ní, "Ìwọ tó o ní ò ń bá gbogbo ọkùnrin Donegal sáré, ìwọ lò ń sunkún lábẹ́ ọkọ̀ ara ẹ?"

Inú bí mi, mo bú u. Mo pè é ní àgbà ọ̀bọ. Nínú ìbínú yẹn ni èémí mi fi padà.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹni tó lè bú mi báyẹn lè gbé ọkọ̀."

Jáàkì ńlá kò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Ló bá ti jáàkì kékeré tó dà bí ìgò gba inú àlàfo, ó fi àwọn àgékù pákó tẹ̀ lé e. Mo to àwọn pákó náà láti ìsàlẹ̀ kòtò, mo gbé jáàkì lé wọn, mo tì í sábẹ́ irin ńlá tó dábùú abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo ń tẹ ọwọ́ jáàkì náà, ọkọ̀ ń ké, mo ń pe Màríà. Bí ọkọ̀ bá ti gòkè díẹ̀, Manus á ti pákó bọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, orí mi gba inú àlàfo náà. Ó di kọ́là mi mú, ó fà mí jáde bí ẹni ń gbẹ̀bí màlúù.

A jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu ọ́ìlì kúrò léjìká mi.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè ti ilẹ̀kùn yàrá sùn. Kódà bí mo bá ń wọ súwẹ́tà, tó bá bo ojú mi, àyà mi á já. Fergal dé, ó ní ká ta ọkọ̀ náà. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbọ́ ìró bárò. Mo jáde, mo bá Manus tó ń da òkúta sínú kòtò náà, ìbàdí rẹ̀ ń fì. Òun àti àbúrò rẹ̀ tó ti kú ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ kòtò yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀.

Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Kò sí nǹkan tí mo gbẹ́ tó máa gbé ọmọ mi mì."

Lánàá, a tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀ gbalasa níwájú ilé. A na okùn láti táyà ẹ̀yìn dé tiwájú ká lè rí i bóyá wọ́n tò tààrà, Manus ló di orí okùn mú, ó ń kùn pé òtútù ń mú òun. Ọkọ̀ náà ń lọ tààrà báyìí, kódà bí mo bá jọ̀wọ́ sítíárìn. Ṣùgbọ́n gbogbo fèrèsé ni mo ṣí sílẹ̀ wà á, nínú òjò.

Bá mi kí màmá àti bàálé rẹ, kí o sì fẹnu ko ọmọ náà níwájú orí fún mi. Manus ní kí n kí ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mo ṣì jẹ́,

Sorcha.