Kásẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Ariwo Jẹnẹrétọ̀

Olóòtú wa, mo kí yín láti Ìjerò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Àwa olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ ti ń wá kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnìkan fi gba orin bàbá mi sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ṣeré ní Arámọkọ. Kò tíì sí iná ìjọba níbẹ̀ nígbà náà; jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n lò.

Làmídì, ọ̀kan lára wa, ní òun ti rí i, ó sì lù ú fún mi gbọ́. Mo gbọ́ gìtá, mo gbọ́ ariwo èrò, n kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé jẹnẹrétọ̀ lẹ wá gbọ́ ni?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ní, "Ohùn ọkọ mi rè é!" Wọn kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá ti kú.

Ẹ̀yin àgbà Arámọkọ, ṣé jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ náà lè jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo rẹ̀ kò fi wọ inú kásẹ́ẹ̀tì? Ẹ dá mi lóhùn kí n tó ba ayọ̀ ìyá mi jẹ́.